Ta Ni Yóò Ṣe Ọ̀tá Nínú Eré Wa?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹjọ́ ni mo gbé wá. Mo fẹ́ fi ẹ̀sùn kan gbogbo àwa tí a ń kọ eré ìtàn nípa àwọn tí a ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ẹ̀sùn náà ni pé a máa ń fi ara wa sí ipò ẹni tí ìyà ń jẹ ní gbogbo ìgbà, a kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí ń wo eré wa fura pé òun náà lè jẹ́ ẹni tí ń fi ìyà jẹni.

Kí n tó rojọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ìbafò, tí ó sì dé Mówè, yóò rí i pé apá ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí ti di ilẹ̀ àdúrà. Láti 1983 tí Ìjọ Rìdíìmù ti ra ilẹ̀ sí ẹ̀bá Mówè, igbó ti di ìlú níbẹ̀. Bí a bá yà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn dé Ifọ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà lọ sí Abẹ́òkúta, ilé ìsìn kò wọ́n níbẹ̀ náà. Nínú irú ilé ìsìn bẹ́ẹ̀ ni eré Yorùbá ti rí ibùgbé lónìí. Àwa ní Yunifásítì ń jiyàn lórí eré. Àwọn ń ṣe é, èrò sì ń wò ó. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣi ìtàn sọ, àṣìsọ náà kò ní jókòó sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Yóò rìn jáde sí ojú títì.

Mo wo ọ̀kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ní Mówè ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. N kò ní dárúkọ ìjọ tí ó ṣe é, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan ni ọ̀rọ̀ mi bá wí. Wọ́n ní ìtàn àwọn Onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta ni. Babaláwo jáde, ó wọ aṣọ pupa, ó fi ẹfun kun ojú, ó ń rẹ́rìn-ín ìkà. Ó ní kí wọ́n de ọmọbìnrin kan tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dè é. Ọmọbìnrin náà gbàdúrà, àrá sán, babaláwo ṣubú, ó kú. Gbogbo ilé dìde, ijó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí a jáde, bàbá arúgbó kan ń palẹ̀ àgúnmu àti egbòogi rẹ̀ mọ́ ní etí títì. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wo eré náà tán sáré yí i ká, wọ́n ń pariwo pé, “Babaláwo! Àrá yóò pa ọ́!” Ọ̀kan nínú wọn ju òkúta. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe. Bàbá náà kò fèsì. Ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé: nínú eré tí a wò nínú ilé àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ní etí títì, ta ni a ṣe inúnibíni sí?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn náà fúnra rẹ̀ wò. Òtítọ́ ni pé àwọn Onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta jìyà. Henry Townsend dé ìlú náà ní oṣù kìíní 1843, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣódẹkẹ́ kú ní 1845 láìṣe ìrìbọmi. Ní oṣù kẹjọ 1846 ni Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wá tẹ̀dó síbẹ̀, inú oṣù náà sì ni Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, tí ogun ẹrú ti yà á nípá láti 1821. Ní 1849 inúnibíni bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n de àwọn Onígbàgbọ́, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n nà wọ́n, wọ́n fi ebi pa wọ́n, kí wọ́n lè padà sí ìsìn ilé wọn. Ọ̀pọ̀ kò padà. Ẹni tí ó bá fojú tín-ín-rín ìyà yẹn kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ó dè wọ́n? Kì í ṣe àjèjì aláṣọ pupa kan tí ó ń rẹ́rìn-ín ìkà. Àwọn àgbà àdúgbò wọn ni, àwọn ará ilé wọn sì lọ́wọ́ sí i. Kí ni ó dé? Abẹ́òkúta nígbà náà kò tí ì ju ìlú bí ogún ọdún lọ. Àwọn tí ogun lé kúrò ní igbó Ẹ̀gbá ni ó sá wá sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830. Wọ́n ti pàdánù ilé, wọ́n ti pàdánù oko, wọ́n ti fi sàréè bàbá wọn sílẹ̀. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wọn ni òrìṣà tí wọ́n rù dé. Dahomey sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọmọ ẹni bá wá dìde nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó ní òun kò ní bá ilé bọ ohun tí ilé gbà pé ó gba àwọn là, tí ó ní òun kò ní bá wọn ṣe ètùtù fún òkú bàbá òun, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ ba àgbà ilé náà. Ẹ̀rù náà ni ó di okùn. N kò sọ pé ẹ̀rù sọ okùn di ohun rere. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń hun okùn, òun náà yóò hun tirẹ̀ láìmọ̀.

Eré tí mo wò kò mọ èyí. Ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan, ó sì dá a. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kò sọ fún wa pé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851, nígbà tí ogun Dahomey dé ẹnu odi, Onígbàgbọ́ àti olórìṣà jọ gbèjà ìlú kan náà ni. Kò sọ fún wa pé nígbà tí Dahomey tún padà wá ní oṣù kẹta 1864, àwọn Onígbàgbọ́ ní Balógun tiwọn, John Òkéńlá, tí ó kó wọn lọ sójú ogun fún gbogbo Ẹ̀gbá. Abúlé kan ń bẹ lẹ́bàá Ifọ̀ tí ó ń jẹ́ Òkéńlá. Níbẹ̀ ni a bí Isaac Delano ní 1904, ẹni tí ó kọ Aiyé d'Aiyé Òyìnbó ní 1955. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ eré fún ará Ifọ̀ kò ní láti wá ìtàn lọ jìnnà. Ó wà nílé, orúkọ rẹ̀ sì wà lára abúlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kọ ọ́, kí ó kọ ọ́ tán.

Ọdún 1867 tún le ju ti 1849 lọ fún òǹkọ̀wé aláṣọ pupa. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún náà ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: wọ́n kó ilé ìsìn, wọ́n kó ilé àwọn míṣọ́nnárì, àwọn Òyìnbó sì fi Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ta ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ ìlú nígbà náà? Ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1865 ni, Egba United Board of Management, G. W. Johnson sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ọmọ Sàró ni Johnson, ó mọ̀wé, George William ni ó ń jẹ́. Ohun tí ń bí ìgbìmọ̀ náà nínú ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó tí ń na ọwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Aṣọ wo ni ẹ ó wọ̀ fún Johnson lórí ìtàgé? Pupa ni, àbí kóòtù?

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Ẹ̀gbá, kí a tẹ̀ lé ìjọ tí ìyà jẹ náà dé Ìjẹ̀bú, ní bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà. Ìjọ tí a kan àbà mọ́ lẹ́sẹ̀ ní 1849 ti di ìjọ ńlá. Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù, ó ní ilé-ẹ̀kọ́, ó ní Sínóòdù. Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tí a ń pè ní lúkúlúkú, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà. Joseph Sadare wà nínú wọn, Sophia Odunlami tí í ṣe olùkọ́ wà nínú wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n ní àdúrà tó fún ìwòsàn. Wọ́n sì ní kò tọ́ kí a ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ tí kò mọ ohun tí ó gbàgbọ́. Ní 1922 ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Sadare fi Sínóòdù sílẹ̀ ní tipátipá. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan. Wọ́n kó ọmọ wọn kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Kò sí àbà níbẹ̀, kò sí okùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ohun tí ó gbàgbọ́, kí ni a ó pe ohun tí a ṣe sí i?

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ìyálé tí a nà ní 1849 ni ó nawọ́ mú pàṣán náà ní 1922. Wọ́n máa ń ní ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó kó o náà gbàgbé. Ní 1932, Joseph Ayo Babalola, ẹni tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ìjọba Òyìnbó ni ó sọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹjọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní bí irinwó ọdún ṣáájú Sadare ni wọ́n ti ń pa ènìyàn nítorí rẹ̀ ní Yúróòpù. Ní oṣù kìíní 1525, ní ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, àwọn kan tí a ti ṣe ìrìbọmi fún ní ọmọ ọwọ́ tún ṣe é fún ara wọn ní àgbà. Àwọn ọ̀tá wọn sọ wọ́n ní Anabaptist, èyí ni Atúnrìbọmi. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 1527, ìgbìmọ̀ ìlú Zürich ri ọ̀kan nínú wọn, Felix Manz, sínú odò Limmat títí ó fi kú. Ìgbìmọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ Póòpù ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, àwọn ti Póòpù sun Michael Sattler níná, wọ́n sì ri aya rẹ̀ sódò. Fíìmù kan ń bẹ tí ó sọ ìtàn Sattler yìí, The Radicals, tí ó jáde ní 1990. Nínú ìtàn yẹn kò sí babaláwo kankan. Onígbàgbọ́ ni ẹni tí ń dájọ́, onígbàgbọ́ ni ẹni tí a dá lẹ́jọ́, Bíbélì kan náà ni ó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ìtàn kan tún wà tí gbogbo òǹkọ̀wé eré yẹ kí ó mọ̀. Ní 1569, ní Asperen ní ilẹ̀ Holland, Atúnrìbọmi kan tí ń jẹ́ Dirk Willems ń sá lọ lórí omi tí òtútù ti mú dì. Omi náà là, ẹni tí ń lé e jìn sínú rẹ̀. Dirk padà, ó fà á jáde. Nígbà náà ni wọ́n mú Dirk, wọ́n sì sun ún. Ẹ wò ó bí ìran náà ti rí: ọ̀tá ní ọwọ́ tí ó ń nà sókè nínú omi, ó ní ẹ̀mí tí kò fẹ́ kí ó bọ́. Nínú eré tí mo wò ní Mówè, ọ̀tá kò ní nǹkan kan ju ẹ̀rín àti aṣọ lọ.

Ṣé àwọn Atúnrìbọmi náà wá mọ́ pátápátá ni? Rárá. Ní oṣù kejì 1534, agbára ìlú Münster ní Jámánì bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá gba ìrìbọmi wọn jáde nílùú, wọ́n sì lé wọn jáde nínú òtútù. Ọdún méje péré ni ó wà láàárín ikú Manz àti ọjọ́ náà. Ọdún méje ti tó kí ẹni tí a rì sódò di ẹni tí ń léni sínú òtútù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Josiah Akindayomi tí ó dá Ìjọ Rìdíìmù sílẹ̀ ní 1952, inú Kérúbù àti Séráfù ni ó ti jáde wá. Hubert Ogunde tí a ń pè ní bàbá eré Yorùbá, ìjọ Aládùúrà ni ó ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ní 1944. Duro Ladipo, kí ó tó dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, gbé ìlù Yorùbá wọ ilé ìsìn pẹ̀lú orin Àjíǹde rẹ̀. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Nítorí náà, bí eré ìjọ òde òní bá ń fi aláṣọ funfun ṣe ẹlẹ́yà, ìyá àgbà rẹ̀ ni ó ń bú. Bí ó bá sì sọ pé ti Èṣù ni ìlù àti eégún, kí ó má gbàgbé pé wọ́n ti lé eré náà rí nítorí ìlù.

Ẹ̀yin ará Yunifásítì, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwa náà ní aláṣọ pupa tiwa, ṣùgbọ́n funfun ni aṣọ tirẹ̀. Láti 1960 tí wọ́n ti ṣe The Trials of Brother Jero ti Wọlé Ṣóyínká ní Ìbàdàn ni wòlíì ẹlẹ́tàn ti di ojúlùmọ̀ wa. Eré náà dára, ẹlẹ́tàn sì ń bẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a tẹ̀ lé e sọ ọ́ di òfin: pásítọ̀ tí ó bá ti wọ orí ìtàgé wa, olè ni. Nígbà wo ni a kọ eré nípa ìyá tí ń gba ààwẹ̀ ní Mówè nítorí ọmọ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn, tí a kò fi ìyá náà rẹ́rìn-ín? Ìwà kan náà ni àwa àti ìjọ yẹn ń hù. Èrò tiwọn ni ó pọ̀ ju tiwa lọ.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Àwọn kan yóò ní mo fẹ́ ba orúkọ àwọn ajẹ́rìíkú jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó sọ pé ọ̀tá ọmọbìnrin yẹn jẹ́ ènìyàn ni ó fi hàn bí ìfaradà rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ó rọrùn láti kọ̀ fún aṣebi tí ń rẹ́rìn-ín ìkà. Ó ṣòro láti kọ̀ fún bàbá ẹni tí ń sunkún.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ń ni ènìyàn lára. Òtítọ́ ni. Ní oṣù keje 1999, ní Ṣàgámù tí kò jìnnà sí Mówè, ọ̀rọ̀ Orò dá ìjà sílẹ̀: obìnrin kan kú, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀pọ̀ Hausa àti Yorùbá sì kú. Ìlú tí ó bá ti obìnrin mọ́lé nítorí Orò gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè tí mo ń bi ìjọ. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun tí ọkàn rẹ̀ bá gbà gbọ́, àní láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó bo ọmọbìnrin tí a dè mọ́lẹ̀, ó sì bo bàbá tí ń ta àgúnmu.

Àwọn kan yóò sì ní eré kò lè ṣe é ṣe láìsí ọ̀tá. Mo gbà. N kò ní kí a yọ ọ̀tá kúrò. Mo ní kí a sọ ẹni tí ó jẹ́.

Nítorí náà mo dábàá kan fún Ẹgbẹ́ wa. Kí a kọ eré kan ní apá mẹ́ta. Ní apá kìíní, Abẹ́òkúta ní 1849: bàbá de ọmọ rẹ̀ obìnrin, kí a sì jẹ́ kí bàbá náà sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ní apá kejì, Ìjẹ̀bú-Òde ní 1922: òṣèré tí ó ṣe bàbá ni kí ó wọ aṣọ Bíṣọ́ọ̀bù. Ní apá kẹta, etí títì lónìí: òṣèré kan náà ni kí ó máa ta àgúnmu, ẹni tí ó sì ṣe ọmọbìnrin tí a dè ní apá kìíní ni kí ó gbé òkúta. Kí a má ṣe é nínú gbọ̀ngàn wa nìkan, kí a gbé e lọ sí Mówè, sí Ìbafò, sí Ifọ̀. Kí a pe àwọn ìjọ, kí a pe àwọn oníṣẹ̀ṣe, kí wọ́n jọ jókòó lórí àga kan náà.

Mo ti padà dé etí títì yẹn láti bẹ bàbá náà. N kò bá a níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ń ta búrẹ́dì ni ó wà níbẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọdé náà ń bẹ, wọ́n ń dàgbà, àwọn ni yóò ṣe eré lọ́la. Ní tèmi, nígbàkígbà tí wọ́n bá tún pè mí wá wo eré inúnibíni, n óò kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò ṣe ọ̀tá. Bí wọ́n bá ní, “Àwọn wọ̀nyẹn ni,” n óò jókòó sílé mi. Bí wọ́n bá ní, “Àwa ni,” n óò tètè dé, n óò sì jókòó síwájú.